Ohun Tí Bàbá Olódòdó Kò Kọ́ Mi

Ilé wa ní Onígbòǹgbò kò ní àyè púpọ̀. Láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá lọ, sìmẹ́ńtì ni wọ́n sì fi dí gbogbo rẹ̀, àfi ilẹ̀ tóóró kan tó wà lábẹ́ fèrèsé, tí kò gùn ju ẹní kan àbọ̀ lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọkọ mi fẹ́ kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ yẹn náà, kí omi òjò lè máa rí ọ̀nà ṣàn jáde. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi, mo fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ gbìn?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ̀fọ́ ni kó o gbìn," ó ní. "Ohun tó máa wúlò fún wa."

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agége ni mo ti ṣiṣẹ́ títí irun mi fi funfun. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú bírò. Àwa náà bí ọmọ méjì, a ò rí ọ̀kankan wò dàgbà. Àkọ́kọ́ lo oṣù mẹ́jọ, èkejì ò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin la wá tọ́, òun náà sì ti lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn. Mo ń sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ nítorí ó kan ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mo fi í pamọ́.

Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ọkọ mi ní Oregun ń ṣe ìdágbére fún un ni mo kọ́kọ́ rí igi tí mo wá gbìn síbẹ̀. A jókòó síta, à ń retí kí wọ́n pè wá wọlé, mo rí márùn-ún tí wọ́n tò síwájú ọ́fíìsì. Kò sí èyí tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nínú wọn. Ìdí wọn fẹ̀, orí wọn ṣe ṣóńṣó bí iná àbẹ́là. Ewé wọn ò dà bí ewé, ó dà bí ìyẹ́ tí ẹnì kan fara balẹ̀ tò nàró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ lókè pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn tó ń múra àtipọ́n. Mo fi ìka ra ọ̀kan, mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń ta sánsán bí òróró tí a fi ń pa ọmọ láyà nígbà òtútù. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wọn rí mi, ó sún mọ́ mi.

"Mọ́mì, túyà ni wọ́n ń pè é," ó ní. "Ìran igi Kérésìmesì ni, ṣùgbọ́n èyí, arárá ni. Kò ní ga jù báyìí lọ. Bàbá kan ló ń tà á lọ́nà Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. "Igi tí kò ní so, tí ewé rẹ̀ ò ṣeé sè, tí kò sì ní ga débi tá a fi lè jókòó sábẹ́ ẹ̀?" Síbẹ̀, òun ló bá mi gbé méjì àkọ́kọ́ wálé.

Gbogbo èèyàn ló ń pe ọkùnrin tó ń tà á ní Bàbá Olódòdó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sì fi ju ọdún méjì dàgbà jù mí lọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní Agége, òun ló sì gbin èyí tó pọ̀ jù nínú òdòdó tó wà níwájú àwọn ilé iṣẹ́ ní Oregun àti Ìkejà. Ibi tó ti ń tajà jẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ kan láàárín títì àti ojú irin, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà kan síbẹ̀, àwọn igi rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í dúnàádúrà kó gbé ohùn sókè. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa já ewé tó ti gbẹ kúrò lára igi láìwò ó.

Ó sọ bí mo ṣe máa gbìn ín fún mi. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ rì í sílẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ọ̀rá lọ. Ó ní kí n po iyanrìn mọ́ ilẹ̀, torí túyà ò fẹ́ kí omi dúró sí òun lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n fi àyè sáàárín wọn, bó ti wù kí wọ́n kéré tó, torí wọ́n á fẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ ga. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí n máa fi omi fọ eruku ilé iṣẹ́ kúrò lára wọn. Bí mo bá fẹ́ gé e, ewé tútù nìkan ni kí n gé, torí bí ọ̀bẹ bá dé ibi tó ti di igi, ibẹ̀ ò ní rúwé mọ́ láéláé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣe é bó ṣe wí, igi méjèèjì sì dúró dáadáa. Báyẹn ni mo ṣe gbà á gbọ́.

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ kí i, bí mi ò tilẹ̀ rajà. Ọjọ́ kan ni awakọ̀ kan mú ìwé wá fún un, orúkọ igi tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ ló wà níbẹ̀. Bàbá Olódòdó gba ìwé náà, ó wò ó, ó wá nà án sí mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi kà á. Mo gbàgbé awò ojú mi sílé."

Mo kà á fún un. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ awò ojú yẹn lẹ́nu òbí ọmọ ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nígbà tí awakọ̀ náà lọ tán, mo rọra sọ fún un pé bó bá fẹ́, mo lè kọ́ ọ. Ó já ewé gbígbẹ bíi mẹ́ta.

"Ṣé orí àgbà ṣì lè gba ìwé?"

"Orí àgbà ló ń gbà á jù. Kì í sá jáde lọ ṣeré."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni òun máa fún mi. Mo ní kò sí, àfi kó kọ́ mi bó ṣe ń gé túyà gbìn tó fi ń hù. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé mi kún, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé láti ara méjì tí mo ní ni àwọn yòókù ti jáde. Rírà nìkan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi mú nǹkan hù.

"Ó ti yá," ó ní. "Ìyẹn ò le."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà. Mo mú ìwé ìkọ̀wé méjì fún un, mo bẹ̀rẹ̀ láti ábídí. Ọwọ́ tó ń lo ọkọ́ àti àdá látọjọ́ yìí kò mọ bí a ṣe ń mú bírò jẹ́jẹ́, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìwé á fi lu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí mo ṣe ń di ti ọmọ kíláàsì kìíní mú. Kò tijú. Bó bá kọ lẹ́tà kan tó gún, á gbé ìwé náà jìnnà sójú, á máa wò ó tẹ́rìn-tẹ́rìn.

Òun náà kọ́ mi ní tirẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé ẹ̀ka kan tó nípọn tó àtàǹpàkò lára túyà kan. "Igi tó gbó ló lágbára," ó ní. Ó ní ilẹ̀ dúdú ni kí n fi gbìn ín, ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ó ní kí n gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á, torí oòrùn ló ń pe gbòǹgbò jáde, kí n sì máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo délé, mo gé mẹ́wàá, mo gbìn wọ́n.

Fún bí oṣù méjì, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Mo sáré lọ sọ fún un, ó kí mi kú oríire. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo fa ọ̀kan yọ, kò ní gbòǹgbò rárá, ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Mo fa èkejì, bákan náà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé igi yìí lè kú kó má fi hàn, ewé rẹ̀ á ṣì máa tàn sí ọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí inú rẹ̀ ti kú tán.

Bàbá Olódòdó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo tún un ṣe nígbà tí òjò ń lọ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kú ni mò ń gé òmíràn, débi pé àwọn igi méjì tí mo ní bẹ̀rẹ̀ sí í ní ojú ihò lára, torí ibi tí mo ti gé igi gbígbó kúrò lára wọn kò rúwé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ ìyẹn fún mi, ṣùgbọ́n mi ò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Òun tó jẹ́ ọ̀gá mi ló ní kí n gé e.

Láàárín àkókò yìí, òjò kan ká wa mọ́ abẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ kan. Kò sí oníbàárà, a ò sì lè kàwé torí ariwo òjò. Ó ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún mi, ó wá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mi ò kì í sọ ọ́ fún èèyàn. Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe jẹ́ àti bí ti èkejì ṣe jẹ́, mo sì sọ ohun tí ìyá ọkọ mi sọ sí mi lójú gbogbo ẹbí nígbà náà, pé ọwọ́ mi kì í gba ọmọ dúró. Bàbá Olódòdó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "Ọlọ́run á fi ọjọ́ ogbó rere rọ́pò fún yín, Tíṣà." Mo ṣe àmín. Nígbà tí mo ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ara mi fúyẹ́.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé àwọn òkú ẹ̀ka mi lọ bá a, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Mo kó wọn sínú abọ́ kí ó lè wò wọ́n, kó sọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Ó yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní kí n na ọwọ́ mi, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ó dà bíi pé ọwọ́ yín gbóná."

"Báwo ni ọwọ́ ṣe ń gbóná?"

"Àwọn ọwọ́ kan wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbìn kì í hù. Ẹjọ́ yín kọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa tà á fún yín, èyí tó ti hù tán, á rọrùn fún yín."

Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́ta ni, mo sì lọ sílé. Mi ò bínú sí i. Ojú àánú ni mo rò pé ó fi wò mí, mo rò pé ó rí òótọ́ kan tí òun ò fẹ́ fi pamọ́ fún ọ̀rẹ́. Ohun tí mò ń rò ni pé èèyàn méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí, obìnrin arúgbó kan àti ọkùnrin kan tó ń ta igi, ni wọ́n wo ọwọ́ mi, tí wọ́n sì sọ ohun kan náà.

Mi ò gé igi mọ́. Mo ra mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ mi ló sì bá mi gbìn wọ́n, torí mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìyàwó aládùúgbò wa ní ilé kejì bímọ láàárín ìgbà náà. Nígbà tí a lọ kí wọn, ó gbé ọmọ náà sí mi, mo ní òtútù ń mú mi, kí n má kó o ràn án. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé e wá sílé wa, mo wá iṣẹ́ kan ṣe nínú ilé ìdáná. Ọkọ mi kíyè sí i.

"Kí ló dé tó ò gbé ọmọ yẹn?"

"Mo ní òtútù ń mú mi ni."

Ó wò mí, ó sì jáde lọ.

Ẹ̀kọ́ ìwé ò dúró ní tiwa. Ní ọdún kejì, Bàbá Olódòdó ti lè ka pátákó ojú ọ̀nà, ó ti lè kọ orúkọ igi sára ọ̀rá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbólóhùn gígùn. Mo máa ń fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá, mo sì máa ń gbé ìwé rẹ̀ lọ sílé láti máàkì rẹ̀. Bó ṣe rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nìyẹn. Mo jókòó sí tábìlì ìjẹun ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú bírò pupa. Mo máàkì iṣẹ́ tí mo fún un, ó gba gbogbo rẹ̀ àyàfi àmì ohùn méjì. Mo wá ṣí ẹ̀yìn ìwé náà wò bóyá ó ti fẹ́ kún, kí n lè ra òmíràn. Mo bá lẹ́tà kan níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ ọ́ sí, èyí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọgbà tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rò pé ó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ wò kó tó dà á kọ sórí ìwé tó mọ́. Inú mi dùn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láyé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò pupa tún un ṣe bí mo ṣe ń kà á lọ.

Ohun tó kọ nìyí, lẹ́yìn tí mo ti tún un ṣe: "Ọmọ mi, mo kí ọ. Túyà tí o fẹ́ gé, àárọ̀ kùtù ni kí o gé e. Má mú igi tó gbó. Ẹ̀ka tútù tí kò gùn ju ìka lọ ni kí o mú. Má fi ọ̀bẹ gé e, ya á sísàlẹ̀ kí èèpo ìyá rẹ̀ díẹ̀ bá a wá. Gìgísẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń jáde. Iyanrìn ni kí o fi gbìn ín, má lo ilẹ̀ dúdú. Fi ọ̀rá bò ó, gbé e sí ibòji, má jẹ́ kí oòrùn rí i fún oṣù mẹ́ta. Omi díẹ̀. Má kọ́ oníbàárà. Oníbàárà tó bá mọ̀ ọ́n gbìn kò ní padà wá. Bí ó bá yọ ọ́ lẹ́nu jù, sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ gbóná."

Mo ti fi àmì sórí "gbóná" kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo tún un kà. Mo lọ mú ìwé tí mo kọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sí, mo tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igi tó gbó, igi tútù. Ilẹ̀ dúdú, iyanrìn. Oòrùn, ibòji. Kò sí ibì kan tó gbàgbé. Òun ló yí gbogbo rẹ̀ padà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi wọlé bá mi níbẹ̀. Ó ti lọ tún fóònù rẹ̀ ṣe ní Computer Village, ó ń ráhùn nípa oòrùn. Mo na ìwé náà sí i. Ó kà á tán.

"Ṣé nítorí igi lo ṣe ń sunkún?"

Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún. Mo sọ fún un pé kì í ṣe igi. Mo sọ ohun tí ọkùnrin náà sọ nígbà tó wo ọwọ́ mi, mo sì sọ ìdí tí mi ò fi gbé ọmọ ilé kejì. Ọkọ mi fa àga, ó jókòó.

"Nígbà tí màmá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ," ó ní, "mo wà níbẹ̀. Mi ò dá wọn lóhùn."

"Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

"Ó yẹ kí n dá wọn lóhùn."

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kò sọ ọ́ rí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó lọ jẹun, oúnjẹ rẹ̀ ń tutù.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sí ìdí ojú irin ní àkókò tí mo máa ń lọ. Bàbá Olódòdó ti gbá orí bẹ́ǹṣì fún mi. Mo na ìwé rẹ̀ sí i, mo ti ṣí i sí ẹ̀yìn.

"Ẹ kà á sí mi létí."

Ó rí bírò pupa, ojú rẹ̀ yí padà. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó kà á dáadáa. Nígbà tó dé "Má kọ́ oníbàárà," ó dúró.

"Tíṣà."

"Ẹ kà á parí, Bàbá. Èmi ni mo kọ́ yín. Mo fẹ́ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa kà á."

Ó kà á parí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e lé itan rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀yin, bẹ́ ẹ bá kọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn níwèé, ìwé ò dín lọ́wọ́ yín. Èmi, bí mo bá kọ́ ẹnì kan, oúnjẹ mi ló dín. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọdún mẹ́fà ni mo fi pọnmi fún wọn kí wọ́n tó fi gìgísẹ̀ hàn mí."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti yá. Ẹ lè sọ pé rárá. Bẹ́ ẹ bá ní rárá, ǹ bá ṣì kọ́ yín."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé rárá?"

"Mo rò pé bí mo bá ní rárá, ẹ ò ní wá mọ́."

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, a dúró títí ó fi lọ.

"Ti ọwọ́ gbígbóná ńkọ́?" mo ní. "Mo ti sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi fún yín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ sí mi."

Ó gbé ojú sókè. Mo rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so wọ́n pọ̀ ni. "Wọ́láhì, Tíṣà, kò sí lọ́kàn mi. Gbogbo oníbàárà ni mo máa ń sọ ọ́ fún."

Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Bó bá jẹ́ pé ó ronú kó tó fi ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ǹ bá mọ̀ pé mo jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé sáyà fún bí ọdún kan, tí mi ò tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ tuntun, òun ń pín in kiri fún ẹni tó bá ti béèrè ìbéèrè kejì. Ó tọrọ àforíjì. Mo ní mo ti gbọ́. Mo dìde.

Mo gé túyà ní àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ya ẹ̀ka tútù méjìlá pẹ̀lú gìgísẹ̀ wọn, mo fi wọ́n sínú iyanrìn, mo fi ọ̀rá bò wọ́n, mo sì gbé wọn sẹ́yìn ilé níbi tí oòrùn ò dé. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n fún oṣù mẹ́ta, àfi kí n fi omi díẹ̀ wọ́n wọn. Nígbà tí mo yọ àkọ́kọ́, gbòǹgbò funfun mẹ́rin ti jáde nídìí rẹ̀, wọ́n tín-ín-rín bí òwú. Mẹ́sàn-án ló hù nínú méjìlá. Ọkọ mi ń pariwo ayọ̀, ó ń pe ará ilé kejì kí wọ́n wá wò ó. Èmi jókòó sórí àpótí pẹ̀lú igi kékeré lọ́wọ́, inú mi ò dùn bí mo ṣe rò pé ó máa dùn. Bó ṣe rọrùn tó ló ń bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lásán ni.

Ọmọ ilé kejì ti ń rìn nígbà náà. Ó máa ń wọlé wá fa ewé túyà, mo sì máa ń gbé e kúrò níbẹ̀, mo máa ń gbé e sẹ́yìn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ìyẹn ò sì ṣeé tún ṣe.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, Bàbá Olódòdó wá sílé wa, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ lábíyá. Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Ó ní òun mọ̀ pé kò yẹ kí òun béèrè, ṣùgbọ́n ọmọ òun ti fèsì lẹ́tà, òun ò sì lè dá kà á já. Mo lè ní kó máa lọ. Ọkọ mi ń wò mí láti ojú fèrèsé, mo mọ̀ pé bí mo bá lé e, kò ní dá mi lẹ́bi.

Mo kọ́ ọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ṣèlérí pé á lè ka lẹ́tà fúnra rẹ̀, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì, torí a ti ṣe é fún mi rí. Ṣùgbọ́n ìdúró ni a ṣe é, lẹ́nu géètì, mi ò gbé àga fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wá bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtàn òjò mọ́, kò sí ẹ̀rín. Bó bá ka gbólóhùn kan já, mo máa ń sọ pé "Ó dáa," a ó sì lọ sórí èyí tó kàn. Lọ́jọ́ tó ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró, mo sọ fún un pé kò nílò mi mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, àgbà ọkùnrin, lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní kó dìde. Mi ò ra igi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì náà, gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin sì kó kúrò. Ẹnì kan sọ fún mi pé Bàbá Olódòdó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí ihò níbi tí òpó àtíbàbà wà tẹ́lẹ̀, iyanrìn pupa sì ti bo ìyókù.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, ó sì ṣi "túyà" kọ. Bàbá Olódòdó ni. Ó kí mi, ó kí ọkọ mi, ó ní òun ló ń fi ọwọ́ ara òun tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó wá béèrè bóyá àwọn igi mi ṣì wà.

Mo fi fóònù náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fèsì pé wọ́n wà, pé a dúpẹ́. Mi ò fi ohun mìíràn kún un.